Orúkọ Àwọn Tó Ń Fẹsẹ̀ Tẹ Aṣọ

Larch Creek, Kánádà
6 Oṣù Kẹta, 1910

Sí Hannah ti Ben, Top Fold, Hebbleshaw, Yorkshire

Ìyá Àgbà mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú òtútù. Ṣé orúnkún yín ti dẹ̀ díẹ̀? Mo kí Miss Ibbotson tó ń ka lẹ́tà mi fún yín. Kí wọ́n jọ̀ọ́ má fo ibì kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ ibi tí mo ti ṣẹ̀fẹ̀.

Mo wà láàyè. Jack ti Sally náà wà láàyè, yàrá kan náà la jọ ń sùn, ó sì ń hanrun bí ayùn. Ẹ bá mi sọ fún Sally pé ọmọ rẹ̀ ń jẹun dáadáa, lẹ́tà kíkọ ni kò fẹ́ràn. Òjò dídì ga dé ojú fèrèsé níbí. A máa ń wọ inú kòtò èédú kí ilẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀ á ti ṣú kí a tó jáde, nítorí náà n kò lè sọ fún yín bí ìlú náà ṣe rí ní ọ̀sán.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Mo rí ọmọbìnrin kan tó wù mí. Effie Lockhart lorúkọ rẹ̀, bàbá rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo wa ti ń ra nǹkan. Ará Scotland ni ìyá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó wọ ilé rẹ̀ tí kò ní bi í ní ìran bàbá rẹ̀. Ó ní ìwé ńlá kan nípa orúkọ àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ó bi mí pé, "Walker tí ẹ ń jẹ́ yìí, irú èèyàn wo ni wọ́n?" N kò mọ ohun tí màá sọ. Ọkùnrin kan nínú kòtò ti sọ fún mi pé àwọn Walker ni wọ́n ń rìn yí igbó ọba ká láyé àtijọ́, tí wọ́n ń ṣọ́ àgbọ̀nrín rẹ̀. Ohun tí mo sọ fún un nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi ẹran kún àwo mi. Ìwé náà wà ní ọwọ́ ẹnì kan ní ìlú kejì, wọ́n á dá a padà lóṣù tó ń bọ̀.

Ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ igbó ọba náà, Ìyá Àgbà? Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ fún mi kí ìwé náà tó dé.

Ọmọ-ọmọ yín,
Joss

Hebbleshaw
27 Oṣù Kẹta, 1910

Joss ti Will,

Lẹ́tà rẹ dé. Orúnkún mi kò dẹ̀, kò sì ní dẹ̀. Sally gbọ́ nípa Jack, ó ní kí o gbá a létí fún òun.

Igbó ọba wo? Àgbọ̀nrín wo? Ẹnì kan ṣoṣo tó súnmọ́ àgbọ̀nrín nínú ìdílé wa ni bàbá Ben ọkọ mi, oṣù mẹ́ta ni wọ́n sì fi tì í mọ́lé nítorí pé ó jí ọ̀kan pa.

Gbọ́ bó ṣe jẹ́. Bí wọ́n bá hun aṣọ irun àgùntàn tán, ó máa ń rí wọ́gọwọ̀gọ bí àwọ̀n, ọ̀rá á sì wà lára rẹ̀. Kò ṣeé wọ̀. Láyé ìgbà tí ẹ̀rọ kò tíì dé, inú ọpọ́n gígùn ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, èèyàn á ká ṣòkòtò dé itan, á wọnú rẹ̀, á máa rìn lórí rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, kí aṣọ náà lè súnkì, kí ọ̀rá inú rẹ̀ sì jáde. Àwọn tó ń rìn yẹn ni Walker. Ibi tí wọ́n rìn dé kò ju inú ọpọ́n lọ. Ohun tí wọ́n sì ń dà sínú ọpọ́n náà, ìtọ̀ ni. Ìtọ̀ tó ti pẹ́ nínú àgbá títí ó fi ń ta èèyàn lójú. Òun ló ń fọ ọ̀rá kúrò.

Gbogbo àfonífojì tí wọ́n ti ń hun aṣọ lágbègbè wa ló ní Walker tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi pọ̀ bí eṣú. Miss Ibbotson sọ pé ní gúúsù, Fuller ni wọ́n ń pe irú wọn, ní ìhà ìwọ̀ oòrùn, Tucker. Iṣẹ́ kan náà, òórùn kan náà.

Nígbà tí wọ́n bí mi, òòlù onígi ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìtọ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọdún méje ni mí tí mo ti ń gbé korobá láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà lówùúrọ̀. Ti àwọn ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni ilé iṣẹ́ ń fẹ́ jù, nítorí wọn kì í mutí. Ti àwọn ọ̀mùtí, omi lásán ni. Ìyá mi á máa pariwo tẹ̀lé mi pé, "Hannah, má da ti Amos pọ̀ mọ́ ti pásítọ̀ o!"

Walker ni bàbá mi, Walker ni mo fẹ́. N kò mọ̀ ọ́n kọ, ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe rí lára òkúta ibojì Ben. Mo máa ń fi ìka tẹ̀lé e. Orúkọ bàbá rẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Àyè kan sì wà lábẹ́ ti bàbá rẹ.

Sọ òótọ́ fún obìnrin yẹn kí ìwé rẹ̀ tó bá ọ sọ ọ́. Wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì.

Hannah, ìyá bàbá rẹ

Larch Creek
24 Oṣù Kẹrin, 1910

Ìyá Àgbà mi,

Ẹ kú ilé. Mo dúpẹ́ fún lẹ́tà yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kó mi sí wàhálà.

Mo kà á fún Effie nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, pàápàá níbi ọ̀rọ̀ Amos àti pásítọ̀. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín, ó jáde, ó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó kà á tán. Ó dá a padà fún mi, ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí mo lọ jẹun níbẹ̀, wọn kò gbé àga kalẹ̀ fún mi.

Ohun kejì. Walker márùn-ún ló wà nínú ìwé akọ̀wé kòtò wa, J. mẹ́ta sì wà nínú wọn, èmi àti Jack nìkan ló ti Yorkshire wá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣẹ́ tí mo bá ṣe, ẹlòmíràn ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Bí ẹlòmíràn bá pẹ́ dé, èmi ni wọ́n ń bú. Akọ̀wé ní, "Ó ti sú mi. Kí ẹnì kan nínú yín lọ wá orúkọ mìíràn." Mo ní kí ó kọ Harcourt. Ara agolo bisikíìtì tó wà lórí tábìlì rẹ̀ ni mo ti rí i. Jack rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. Ṣùgbọ́n níbí, kò sẹ́ni tó ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fọwọ́ sí i, ó parí.

Ìyá Effie ti ń pè mí ní Ọ̀gbẹ́ni Harcourt báyìí. Wọ́n ti gbé àga mi padà.

Ẹ má bínú. Orúkọ lásán ni. Èmi ṣì ni èmi.

Joss

Hebbleshaw
15 Oṣù Karùn-ún, 1910

Joss,

Mo ní kí Miss Ibbotson kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí n lè mọ̀ pé kì í ṣe òun ló ṣì í kà.

Orúkọ agolo. Àwọn baba ńlá rẹ dúró sínú ìtọ̀ títí awọ ẹsẹ̀ wọn fi bó kí ìdílé wọn lè jẹ àkàrà ọkà ọ́ọ̀tì. Ìwọ bọ́ ohun tí wọ́n wọ̀ fún ọ sílẹ̀ nítorí àga ìdí tábìlì kan nínú ilé oníṣọ́ọ̀bù.

O ní a pọ̀ jù. Ta ni kò mọ̀? Ilé mọ́kàndínlógún ló ń jẹ́ Walker nínú ogójì ilé tó wà ní Hebbleshaw. Bí o bá kígbe "Walker!" lójú títì, ajá pàápàá á yíjú. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í pe ara wa bẹ́ẹ̀. Joss ti Will ti Ben ni wọ́n ń pè ọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ, Jack ti Sally Etí-Afárá ni wọ́n ń pe èkejì rẹ. Kò sẹ́ni tó ṣi yín mú rí. Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ fún akọ̀wé rẹ? Walker jẹ́ aṣọ gbogbo wa. Iṣẹ́ rẹ ni kí o wọ̀ ọ́, kí o sì fi sílẹ̀ fún ọmọ tó bá kàn.

Àwọn ọmọkùnrin mi mẹ́ta ti kú, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwọ nìkan ló kù lára ẹ̀yìn Ben tó lè gbé orúkọ yìí. Mo ti sọ fún Enoch agbẹ́kùúta pé kó má fọwọ́ kan àyè tó wà lábẹ́ orúkọ bàbá rẹ, tìrẹ ni. Bí o bá ń jẹ́ Harcourt, kí ni Harcourt ń wá lórí òkúta Ben?

Má kọ lẹ́tà sí mi mọ́ títí wàá fi gba orúkọ rẹ padà. N kò ní ọmọ-ọmọ nínú agolo.

Miss Ibbotson ní kí n fi ọ̀rọ̀ tútù kan parí rẹ̀. Mo ní kí ó parí rẹ̀ síbí.

Hannah Walker

Hebbleshaw
2 Oṣù Kẹwàá, 1910

Joss,

Mo ní kí o má kọ̀wé. Láti ìgbà tí mo ti gbà ọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ tó ń kú lọ, ìgbà wo lo gbọ́ràn sí mi lẹ́nu rí? Èyí gan-an lo wá gbọ́.

Oṣù márùn-ún. Ọ́ọ̀tì ti wọlé, òjò ba ìdajì jẹ́. Ikọ́ ń ṣe Enoch. Sally máa ń gun òkè wá lọ́jọ́ Sátidé láti béèrè bóyá o dárúkọ Jack, torí ọmọ tirẹ̀ náà kò kọ nǹkan. N kò sọ fún un pé a ń jà. Mo ní lẹ́tà ń pẹ́ lórí omi.

Kò sí ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún. Mo kàn ń béèrè bóyá o wà láàyè.

Hannah

Hebbleshaw
11 Oṣù Kejìlá, 1910

Sí Joss Harcourt, Larch Creek

Joss,

O rí i, mo ní kí Miss Ibbotson kọ Harcourt síwájú. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ọjọ́rú ni ìwé ìròyìn dé. Wọ́n ní kòtò yín bú gbàù lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní èèyàn mọ́kàndínlógún ló kú. Orúkọ wọn wà níbẹ̀. Miss Ibbotson ń kà, ó sì fi ìka dúró lórí ọ̀kan.

"Ìyá Hannah," ó ní, "wọ́n kọ J. Walker, ará Yorkshire."

Mo ní, "Mélòó?"

"Ẹyọ kan."

"Wá Harcourt."

"Kò sí."

"Tún un wá."

Ó tún un wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá a. Harcourt kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo wọ bàtà, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí afárá, nítorí Sally kò mọ̀wé kà, n kò sì fẹ́ kí olófòófó kan kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó wà nídìí ààrò, ó ń yan àkàrà ọ́ọ̀tì. Mo ní, "Sally, gbé e kalẹ̀. Jack ti kú."

Ó ní, "Ta ló wí?"

"Ìwé ìròyìn. Kòtò bú. J. Walker."

"Joss náà ń jẹ́ J. Walker."

Mo ní, "Tẹ́lẹ̀ ni. Tèmi ti di Harcourt láti oṣù kẹrin. Tìrẹ ló kù."

Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Wọ́n ní ó yẹ kí n jókòó kí n tó sọ ọ́. Bí mo bá jókòó, ṣé Jack á jí? Àkàrà náà jóná. Èmi ni mo yọ ọ́.

Ó ti ran aṣọ dúdú. Ó ti kó ẹ̀wù Jack fún àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀. Lánàá ni wọ́n ṣe ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì láìsí òkú, wọ́n sì fi itan ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ àti tíì ṣe àlejò lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe yẹ. Èèyàn ọgọ́ta ló wá, Walker ni púpọ̀ jù nínú wọn. Mo jẹ tèmi. Mo jẹ ẹ́ tán, Ọlọ́run mọ̀ pé ó dùn lẹ́nu mi.

Nítorí náà, máa jẹ́ Harcourt rẹ lọ. Mo kó ọ̀rọ̀ tí mo sọ jẹ. Agolo náà gbà ọ́ là. Enoch lè gbẹ́ ẹ sórí òkúta Ben lọ́jọ́ iwájú, màá ti wà lábẹ́ rẹ̀, n kò ní rí i.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí o kọ sí mi.

Ìyá bàbá rẹ,
Hannah

Larch Creek
9 Oṣù Kọkànlá, 1910
(Ó dé ọwọ́ Hannah ti Ben ní 14 Oṣù Kìn-ín-ní, 1911)

Ìyá Àgbà mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àìríra. Lẹ́tà yín tó kẹ́yìn dé lánàá. Ẹ ní ẹ kò bẹ̀ mí. Mo ti gbọ́. Mo wà láàyè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orí jì mí. Mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì bá ìgbà mu. Ìtìjú ló mú mi. Ojoojúmọ́ tí wọ́n bá pe Harcourt lẹ́nu kòtò, n kì í dáhùn àfi kí ẹnì kan fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi. Mo máa ń rí àyè tó wà lábẹ́ orúkọ bàbá mi, mo sì máa ń rò ó pé, ta ni wọ́n á gbẹ́ síbẹ̀?

Jack ti lọ láti oṣù kẹsàn-án. Ó bá àwọn agégẹdú lọ sí òkè, ó ní òun fẹ́ máa rí oòrùn. Wọn kò ní sọ̀kalẹ̀ títí di Kérésìmesì. Àwọn Walker yòókù náà ti fọ́n ká. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ bá akọ̀wé, mo ní, "Kọ mí padà sí Walker." Ó wo ìwé rẹ̀, ó ní, "J. Walker kankan kò sí mọ́. Ó ku ìwọ nìkan." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ.

Mo sọ fún ìyá Effie lójú rẹ̀. Mo ní mo ti inú ọpọ́n ìtọ̀ wá, bí wọ́n bá sì fẹ́ gbé àga náà, kí wọ́n máa gbé e. Effie ló dá a lóhùn kí èmi tó parí. Ó ní, "Ìyá mi, Walker ni màá jẹ́, ẹ lọ fọ ọwọ́ yín." Ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì la máa ṣègbéyàwó.

Ẹ wo ara àpòòwé yìí. N kò kọ Hannah ti Ben, n kò kọ Top Fold. Ìyáàfin Walker, Hebbleshaw ni mo kọ, gàdàgbà, kí gbogbo ilé ìfìwéránṣẹ́ lè rí i pé mo ti padà wálé.

Ẹ sọ fún Enoch kó tọ́jú àyè náà. Kí ó má tíì kánjú o.

Joss Walker

Hebbleshaw
22 Oṣù Kìn-ín-ní, 1911

Sí Effie Lockhart

Ọmọbìnrin,

Èmi ni ìyá bàbá Joss. N kò mọ̀wé, obìnrin kan ló ń bá mi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi ni. Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ajé. O ní ó pẹ́ kí o tó rí àwọn lẹ́tà mi nínú àpótí rẹ̀, o kò sì mọ ibi tí o máa kọ̀wé sí. Kò sí ẹ̀bi. Kí tìrẹ tó dé, mo ti mọ̀ pé òun ni J. Walker inú ìwé ìròyìn.

Lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ kọ kí ó tó kú dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú. Ó ti wà ní Hebbleshaw yìí láti ìparí oṣù kọkànlá. Orúkọ tó kọ sára rẹ̀ kò ju Ìyáàfin Walker lọ. Ilé mọ́kàndínlógún. Ẹni tó ń pín lẹ́tà gbé e fún Walker tó kọ́kọ́ bá pàdé, ìyẹn ní kì í ṣe tòun, ó gbé e fún aládùúgbò rẹ̀, bó ṣe ń lọ láti ilé dé ilé nìyẹn, títí ó fi dé orí pẹpẹ Martha ti Abel. Martha sì ti lọ tọ́jú ọmọbìnrin rẹ̀ tó bímọ, kò padà títí ọdún fi yí. Nígbà tí mo ń jẹ itan ẹlẹ́dẹ̀ ní ìsìn òkú, lẹ́tà náà wà ní ilé kẹta sí tiwa.

Jack wà láàyè. Ó ti òkè sọ̀kalẹ̀, ó gbọ́, ó kọ̀wé sí ìyá rẹ̀. Ọjọ́rú ni lẹ́tà náà dé.

Sally gun òkè wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo rò pé ó wá bú mi ni, mo sì ti jókòó dè é, nítorí ó tọ́ sí mi. Aṣọ dúdú yẹn ló gbé lọ́wọ́. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́.

Ó ní, "Hannah, gbà. Kò tíì gbó."

Mo ní, "Sally, èmi ni mo sọ fún ọ pé tìrẹ ni."

Ó ní, "O sọ ọ́ lórí ìdúró pẹ̀lú." Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi á jókòó ní tèmi." Ó sì jókòó. Kò dìde títí iná fi kú.

Aṣọ náà bá mi mu lára. Òun ni mo wọ̀ báyìí.

Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló ń bà. Èmi ò sọ ọ́ sọ́jà, ọmọ. Mo fojú sun ún. Èmi ni mo ní kí ó padà sí orúkọ yẹn. Kì í ṣe orúkọ ló pa á, èédú ló pa á, Harcourt á kú bí Walker ṣe kú. Miss Ibbotson ti sọ ìyẹn fún mi lójoojúmọ́, mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oṣù kan gbáko ni mo fi ń yọ̀ tí ó ti wà nínú ilẹ̀, ẹlòmíràn ló sì ń bá mi sunkún rẹ̀. Ìyẹn, èmi ni mo ṣe é.

O béèrè bóyá o lè máa jẹ́ Walker bẹ́ẹ̀ láìṣe ìgbéyàwó. Rárá. Ọmọdé ni ọ́. Fẹ́ ẹlòmíràn, kí o jẹ́ ohun tó bá ń jẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ nìyí. O ní àwọn ará kòtò ri pákó kan mọ́lẹ̀ níbi tó sùn sí, o ní wọ́n kọ J. Walker sí i. Ní kí wọ́n yọ ọ́. J. Walker méje ló wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa nìkan. Ní kí wọ́n kọ Joss ti Will ti Ben. Kò sí ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá béèrè orúkọ ìdílé rẹ̀, sọ fún wọn pé òun náà nìyẹn.

Enoch ti gbẹ́ ẹ síbí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, lábẹ́ ti bàbá rẹ̀. Mo lọ fi ìka tẹ̀lé e lánàá. N kò tíì mọ bó ṣe rí. Màá kọ́ ọ.

Bí o bá máa dá mi lóhùn, kọ Hannah ti Ben, Top Fold, sára àpòòwé. Má kọ Walker.

Hannah